Bọ̀dá tó fẹ́ lọ Tenby: àárẹ̀ ló ń dájà sílẹ̀ nílé, kì í ṣe wákàtí

Bọ̀dá mi, ẹ kú ìrònú o. Ẹ ní ẹ ti sanwó Ironman Wales, eré ìdíje tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n tún ń sáré lọ́jọ́ kan náà nílùú Tenby ní Wales, oṣù kẹsàn-án, ọmọ yín méjèèjì ṣì kéré, madam sì ti ní kẹ́ ẹ yan ọ̀kan, òun àbí kẹ̀kẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó ṣeé ṣe láì da ilé rú. Ó ṣeé ṣe. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ mẹ́ta ló ń bẹ nílé, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì lọkọ mi, àwa méjèèjì là ń ṣe ṣífùtù, kò sí ìyá mi kò sí ìyá ọkọ mi nílùú yìí tá a lè lọ gbé ọmọ fún, mo ṣe Tenby yẹn, mo tún ṣe Outlaw, irú eré kan náà, ní Nottingham lẹ́yìn ẹ̀, a ṣì wà pa pọ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún yín kíá. Kì í ṣe wákàtí márùn-ún tẹ́ ẹ fi gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé ló ń bí ìyàwó yín nínú, bẹ́ ẹ ṣe ń padà wọlé ni. Ọkọ mi ló là á yé mi. Ó ní, "Tó o bá jáde, mo mọ̀ pé o ò sí nílé, mo ti gbọ́kàn kúrò lára ẹ. Ìgbà tó o bá wá dé, tó o nà gbalaja sórí àga, tí ọmọ ń pè ẹ́ tó ò dáhùn, ìgbà yẹn ló ń dùn mí." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Látìgbà náà, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fi ń mọ̀ bóyá tíréènì mi, ìgbaradì fún eré yẹn, dáa lọ́jọ́ kan: tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ṣé mo lè wẹ̀ fún ọmọ, kí n dáná, kí n wa mọ́tò lọ pátì? Tí mi ò bá lè ṣe é, tíréènì yẹn ti pọ̀ jù, aago ọwọ́ mi ì báà máa yìn mí.

Báwo lèèyàn ṣe ń dé tí ara ẹ̀ ṣì jí pépé? Ẹ rọra gùn ún, kẹ́ ẹ sì jẹun lórí ẹ̀. Àwa tá a ń ṣe nǹkan yìí fẹ́ràn láti máa fagbára gbogbo gùn ún lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ 3.8 km nínú omi, 180 km lórí kẹ̀kẹ́, 42.2 km lẹ́sẹ̀, wákàtí 17 ni wọ́n fún wa láti fi parí ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi eré sísá àsápajúdé parí irú ẹ̀. Ẹni tó bá sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ẹyọ kan àtomi lásán gun kẹ̀kẹ́ wákàtí márùn-ún, kò sí bí ò ṣe ní wó lulẹ̀ tó bá délé. Ara ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 60 ṣúgà àti oúnjẹ afúnnilágbára ní wákàtí kan, ẹni tí ikùn ẹ̀ ti mọ́ ọn lára lè gbà tó 90. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ò ju bíi 25 lọ. Èmi ò lówó gel, oúnjẹ ṣúgà inú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń tà yẹn, lójoojúmọ́, ṣúgà ilé ìdáná ni mo máa ń pò, ṣíbí tíì bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹrẹsẹ ti tó gíráàmù 60, kí n da omi sí i, kí n fi iyọ̀ díẹ̀ àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo ti ń lọ nìyẹn. (Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà kó bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó dán an wò o, ẹ jọ̀ọ́.) Àtìgbà tí mo ti ń mu ún, mo lè délé ní aago mẹ́wàá kí n sì lọ gún iyán.

Nígbà òtútù, inú ilé ni mo máa ń gùn ún jù. Kẹ̀kẹ́ tí mo so mọ́ tọ́bò yẹn, ìyẹn ẹ̀rọ téèyàn fi ń gun kẹ̀kẹ́ lójú kan, ilé ìdáná ló wà, kò sí ní gáréèjì. Ọmọ mi ọkùnrin á gbé sítúùlù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ṣí ìwé tí wọ́n fún un wálé láti sùkúù, á máa kà á sókè, tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà màá tọ́ ọ sọ́nà, á tún un kà, á wò mí lójú bóyá ó ti tọ̀nà, òógùn á máa kán tó tó sórí táwẹ́lì tí mo tẹ́ sílẹ̀. Tí mo bá ti mí hẹlẹ débi tí mi ò lè sọ gbólóhùn kan parí fún un, mo mọ̀ pé mo ti ń sáré jù, màá dín in kù. Kò sí ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ fúnni tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan oṣù tí eré yẹn bọ́ sí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, kàlẹ́ńdà sùkúù ló yẹ kéèyàn wò kó tó san kọ́bọ̀. Ìparí oṣù keje ni sùkúù ń gba họ́lídè ńlá níbí, ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó wọlé padà, àárín ibẹ̀ gan-an ni ọ̀sẹ̀ tó le jù ń bọ́ sí fún ẹni tó ń lọ Tenby. Àwọn ọmọ wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀yin náà ń wá wákàtí 12 sí 14 fún tíréènì lọ́sẹ̀. Outlaw ní tiẹ̀, ìparí oṣù keje ni, oṣù karùn-ún àti ìkẹfà lèèyàn ń ṣiṣẹ́ jù, ọmọ wà ní sùkúù, ojú ọjọ́ sì ti ń mọ́ kí aago márùn-ún tó lù. Ọjọ́ ìsinmi mi láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń gun èyí tó gùn, wọ́n wọ sùkúù, mo jáde, mo dé kí wọ́n tó dé.

Ẹ̀yin ti sanwó ná, torí náà ẹ jẹ́ kí èyí tó gùn jù pọ̀ díẹ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje, nígbà tó bá di oṣù kẹjọ, ẹ kó ìyàwó àtọmọ lọ họ́lídè sí Pembrokeshire, agbègbè tí Tenby wà gan-an. Saundersfoot ní etíkun tó dáa fún ọmọdé. Ẹ jí láàárọ̀ kùtù, ẹ gun òkè Wiseman's Bridge àti ti Saundersfoot yẹn kí wọ́n tó jí, òkè ọ̀nà yẹn pọ̀, gbogbo ẹ̀ lé ní mítà 2,000 lápapọ̀ lọ́jọ́ eré, ó yẹ kẹ́ ẹsẹ̀ yín mọ̀ ọ́n. Lọ́sàn-án ẹ jẹ́ ti àwọn ọmọ.

Ti madam gan-an wá kù. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbé fóònù yín méjèèjì sílẹ̀, kí wákàtí tiẹ̀ kọ́kọ́ wọnú kàlẹ́ńdà ná. Kì í ṣe "sinmi nígbà tí mo bá dé" o, wákàtí tóun náà á fi jáde nílé, tí ẹnikẹ́ni ò ní pè é pé ibo ni ìbọ̀sẹ̀ ọmọ wà. Ọkọ mi mú ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú fún bọ́ọ̀lù, mi ò kì í fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ Àìkú, a ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ̀kẹ́ ò jáde. Sátidé, ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ò lè tán láàárín wa, ẹ mọ̀, torí náà kùtù hàì ni mo ń jáde. Tí ọmọ bá ní ibà, tíréènì ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn, mi ò ní fi kún ti ọ̀la. Ìlúwẹ̀ẹ́ ńkọ́? Nígbà táwọn ọmọ ń kọ́ ọ lọ́wọ́, èmi náà ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìlà kejì nínú omi kan náà. Eré sísá, láti ibi iṣẹ́ wálé, aṣọ iṣẹ́ wà nínú báàgì ẹ̀yìn mi.

Ẹ má gbàgbé láti sọ fún wọn ibi tí wọ́n á ti rí yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ máa sáré gba àárín ìlú Tenby kọjá, wọn ò nílò láti dúró sójú kan látàárọ̀.

Tẹ́ ẹ bá lè sọ irú ṣífùtù tí madam ń ṣe àti ọjọ́ tẹ́ ẹ̀yin máa ń wà nílé, màá bá yín to ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Ẹ jẹ́ kóun náà wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́.