Ka bọ́ǹdì náà tán kí o tó gbowó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ni mo wà, ó ku ọdún kan àbọ̀ kí n jáde. Wọ́n fẹ́ rán wa lọ kọ́ṣẹ́ ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì fún wa ní kọ́bọ̀. Àwa la ó wá yàrá, àwa la ó san owó ọ̀kadà, àwa la ó ra ìbọ̀wọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ wa ní àwọn yóò máa fún mi lówó àjẹmọ́nú lóṣooṣù títí n ó fi jáde, bí mo bá fọwọ́ sí bọ́ǹdì pé n ó ṣiṣẹ́ fún àwọn ní ọdún mẹ́rin. Bàbá mi ní kí n gbà á kíá. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹrú ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe. — *Akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí, Ìsẹ́yìn*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, owó náà tọ́ sí ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró ti aláboyún tó ń rọbí ní aago méjì òru, iṣẹ́ ìlú ló ń ṣe. Bí a bá ní kó fi owó ara rẹ̀ jẹun, kó tún fi wọ ọ̀kadà, a jẹ́ pé ọmọ olówó nìkan la ń pè síbẹ̀, ọmọ olówó kì í sì í sábà dúró sí abúlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2010, wọ́n tún un sọ ní 2021, pé kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbèríko, kí wọ́n kọ́ lára iṣẹ́ wọn ní ìgbèríko, kí a fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ san án. Irú yín gan-an ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ ẹrú tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ, mi ò fara mọ́ ọn. Ní Jàpáànù, láti 1972 ni yunifásítì ìṣègùn Jichi ti ń kọ́ dókítà lọ́nà yìí. Wọ́n á yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó ilé-ẹ̀kọ́. Bó bá jáde tó sì ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án níbi tí agbègbè tó rán an wá bá fi í sí, gbèsè ti tán. Ní Amẹ́ríkà, ètò National Health Service Corps, tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ ìlera lọ́wọ́ pẹ̀lú owó, ń gba iṣẹ́ ọdún kan fún ọdún kan tí wọ́n bá fi ràn ọ́ lọ́wọ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ dín sí ọdún méjì. Ẹni tó bá gbowó tó sì sá, ìlọ́po mẹ́ta ni yóò san, pẹ̀lú èlé. Fi ìyẹn wo tìrẹ: owó ọdún kan àbọ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Ó ti pọ̀ jù. Ní kí wọ́n gba ọdún méjì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ọ ni owó tí wọ́n ṣèlérí tí kò ní dé. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ dá ètò Midwives Service Scheme sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn tí kò níṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí àwọn sẹ́ńtà ìlera ìgbèríko. Ìjọba àpapọ̀ yóò san ₦30,000 lóṣù, ìpínlẹ̀ yóò san ₦20,000, ìjọba ìbílẹ̀ yóò san ₦10,000, wọn yóò sì wá ilé fún wọn. Ètò tó dára ni, inú mi dùn sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni kò san tiwọn déédéé, ilé náà kò sì sí níbòmíràn. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń sùn sórí bẹ́ńṣì ní yàrá ìgbẹ̀bí. Agbẹ̀bí gidi ni, ó sì fẹ́ràn abúlé yẹn. Nígbà tí ebi fẹ́ pa á, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ bá a wí?

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ iye owó náà sínú ìwé, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò máa wọ àkáǹtì rẹ, àti ẹni tí wàá bá sọ̀rọ̀ bí kò bá wọlé. Kí wọ́n kọ ọ́ pé bí wọn kò bá san fún oṣù mẹ́ta léraléra, bọ́ǹdì ti tú. Kí wọ́n kọ iye tí wàá dá padà bí ìdí bá wà tí o kò lè parí rẹ̀. Yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, nítòsí sẹ́ńtà, gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Gba ẹ̀dà tìrẹ, kí bàbá rẹ náà sì jókòó kà á. Bí wọ́n bá ní kò sáyè láti kọ gbogbo èyí, má fọwọ́ sí i.

Ohun kan ṣì kù: bèèrè ẹni tí yóò máa kọ́ ọ níbẹ̀. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, ètò náà sì pẹ́ nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì ní olùkọ́ lọ́dọ̀ọ́ wọn. Má jẹ́ kí wọ́n fi ìwọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń sanwó fún ọ.

Ìbéèrè: Ìyá, èmi ni alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ a ò lówó tí a lè fún wọn. — *Baálẹ̀ kan, ìtòsí Ṣakí*

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Bàbá. Òfin ìlera ti 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé, ó sì ní kí ìdá mẹ́wàá nínú owó ọ̀hún lọ sórí òṣìṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín ohun tó kan wọ́ọ̀dù yín níbẹ̀, ẹ béèrè rẹ̀ ní ìwé. Ní tiyín, ẹ fún àwọn ọmọ náà ní yàrá méjì tí òrùlé rẹ̀ kò jò, pẹ̀lú omi. Ẹ yan ọlọ́kadà kan tí ẹ mọ ilé bàbá rẹ̀, tí yóò máa gbé wọn lóru, kí ẹ lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ògiri sẹ́ńtà, kí ẹ̀yin sì máa san owó epo rẹ̀.