Éjẹ́ǹtì ò lè ta sikọ́láṣíìpù fún yín, mọ́mì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 18, bọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé ẹ̀, iwájú ló ń gbá. Éjẹ́ǹtì kan tí wọ́n júwe fún wa lórí WhatsApp ní òun máa bá a gba fúùlù sikọ́láṣíìpù ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, 1.8 mílíọ̀nù náírà lowó ìwé, ó sì ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ (mo fi mọ́ ọn). Ó ní ká má yọ ara wa lẹ́nu lórí WAEC tí kò fi bẹ́ẹ̀ dáa, pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò lọ́hùn-ún. Báwo la ṣe máa ṣe é tí wọn ò fi ní já a nílẹ̀ níbi físà? Àbúrò ẹ̀ obìnrin náà máa ń sáré ní ṣúkúù, àmọ́ ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mò ń bi yín.

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ físà tí ẹ fi parí ẹ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí owó yẹn ló ká mi lára. Tí ẹ ò bá tíì san án, ẹ má san án. Tí ẹ bá ti san díẹ̀, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un, kódà kó ní ọ̀la ni àyè máa kún. Ìbéèrè tó jọ tiyín tó dé ọ̀dọ̀ mi lóṣù yìí nìkan ti di mẹ́fà, ẹnì kan nínú wọn ti ta ilẹ̀ tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kọ̀wé sí mi, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Mo ṣí lẹ́tà yẹn, mo sì fẹ̀ ẹ́ dáadáa lójú fóònù. Orúkọ ṣúkúù tó wà lókè ẹ̀, ṣúkúù gidi ni, mi ò ní dárúkọ wọn torí ó dá mi lójú pé wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Lógò wọn ń ṣe bàìbàì bí ìgbà téèyàn ya fọ́tò lára fọ́tò. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù NCAA" ló fọwọ́ sí i, ímeèlì Gmail ló sì wà níbẹ̀. NCAA ni ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré ìdárayá fún ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, wọn kì í jókòó pín sikọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé, ṣúkúù kọ̀ọ̀kan ló ń fún ọmọ tiẹ̀. Ìlà kẹta ló wá tú àṣírí gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní fúùlù sikọ́láṣíìpù eré ìdárayá ni, ní Division III. Mọ́mì, Division III ni ìpele kẹta nínú NCAA, òfin wọn ò sì gbà kí ṣúkúù kankan níbẹ̀ fún ọmọ lówó nítorí pé ó mọ eré ìdárayá. Wọ́n lè fún un nítorí pé orí ẹ̀ pé sí ìwé, tàbí nítorí pé àwọn òbí ẹ̀ ò ní lọ́wọ́, àmọ́ tìtorí bọ́ọ̀lù, rárá o. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ò mọ ohun tó ń ta fún yín.

Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n rí àwọn òbí mú ni pé a rò pé sikọ́láṣíìpù wà nínú yàrá kan lọ́hùn-ún, éjẹ́ǹtì ló mọ ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, téèyàn bá ti fún un ní nǹkan á ṣílẹ̀kùn. Kò sí yàrá, kò sí olùṣọ́. Kóòṣì ló wà. Kóòṣì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ṣúkúù yẹn ni, orúkọ ẹ̀ àti ímeèlì ẹ̀ sì máa ń wà lórí wẹ́ẹ̀bù ṣúkúù níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i láìsan nǹkan kan. Òun ló máa wo ọmọ, òun ló máa sọ pé mo fẹ́ eléyìí, òun ló máa sọ iye tóun lè gbé sílẹ̀ lórí ẹ̀, kí ọ́fíìsì ṣúkúù tó wá kọ ọ́ sínú ìwé.

Iye tó wà lọ́wọ́ kóòṣì yẹn ni ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa, torí "fúùlù" yìí ló ń pa wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2025, sikọ́láṣíìpù tí NCAA gbà kí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọkùnrin kan ní Division I ní ò ju 9.9 lọ, kò pé mẹ́wàá, Division II sì jẹ́ 9. Ẹ sì wo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ọmọ 25 sí 30 ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fi í wé ìyá tó ní ẹran mẹ́wàá nínú ìkòkò tí ọmọ 28 sì gbé àwo dání, ó di dandan kó gé e. Gólì á gba ìdajì, ẹni tó ń gbá àárín tí wọ́n ti ń wá láti ọdún tó kọjá á gba èyí tó pọ̀ díẹ̀, ẹlòmíì owó ilé nìkan, ẹlòmíì owó ìwé nìkan, àwọn kan ò ní rí nǹkan kan gbà, wọ́n á sì máa gbá bọ́ọ̀lù lọ bẹ́ẹ̀. Ní 2025, lẹ́yìn ẹjọ́ ńlá kan tí wọ́n fi àdéhùn parí ní oṣù kẹfà, wọ́n yí i padà: ṣúkúù tó bá wọ inú ètò tuntun yẹn lè fún gbogbo ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ ní sikọ́láṣíìpù tó bá wù ú, àmọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ ju ọmọ 28 lọ. Àwọn éjẹ́ǹtì ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n ti ń sọ pé gbogbo èèyàn ló ń gba fúùlù báyìí. Irọ́ ni. Òfin gbà á, àmọ́ ṣé owó ẹ̀ wà? Ètò kan náà ló gbà kí ṣúkúù máa san owó fáwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti básíkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ṣúkúù sì ń da èyí tó pọ̀ jù sí, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ yín tiẹ̀ rí kóòṣì gidi tó fẹ́ ẹ. Ká ní gbogbo ìnáwó ọdún kan ní ṣúkúù yẹn jẹ́ 45,000 dọ́là, kóòṣì wá gbé 20,000 sílẹ̀, èyí tó dáa gan-an nìyẹn o, èèyàn á dúpẹ́. Ta ló máa san 25,000 tó kù, lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́rin? Ṣúkúù ò ní fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún ọ̀la. Kí wọ́n tó fún un ní ìwé tó ń jẹ́ I-20, èyí tí ṣúkúù fi ń sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà pé àwọn ti gba ọmọ yìí, wọ́n máa kọ ọ́ sójú ìwé yẹn gan-an pé èyí lowó tí àwa máa gbé wá, èyí lowó tí ìdílé ẹ̀ máa gbé wá, wọ́n á sì ní kí ẹ mú ìwé báǹkì wá kí wọ́n rí i. Éjẹ́ǹtì kì í sọ ibẹ̀ yẹn. Tí ẹ bá bi í, á ní ọmọ á máa ṣiṣẹ́ tó bá débẹ̀. Ọmọ tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, inú ọgbà ṣúkúù nìkan sì ni, níbi tí wọ́n ti ń fọ àwo tàbí tí wọ́n ti ń to ìwé ní láíbìrì. Mo ṣe é rí, owó oúnjẹ àti owó fóònù ló wà níbẹ̀.

Éjẹ́ǹtì míì wà tó máa ní ẹ má san nǹkan kan báyìí, tó bá jáde kí ẹ fún òun ní ìdá kan nínú ẹ̀. Ó máa ń dùn létí, òun ló sì burú jù fún ọmọ yín, torí òfin NCAA ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó tó dá lórí sikọ́láṣíìpù tí ọmọ bá rí, ó lè ba àǹfààní ọmọ láti gbá bọ́ọ̀lù jẹ́ lẹ́yìn tó ti débẹ̀. Ẹni tó bá gba iye kan pàtó láti bá yín gé fídíò tàbí to ìwé, ìyẹn ò burú. Èmi náà ń gbowó iṣẹ́ mi, mi ò fi pamọ́. Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe, mi ò ní àyè kankan tí mo lè tà.

Ọ̀rọ̀ WAEC yìí wá ni mo ti bínú gan-an. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ Nàìjíríà pé kó má da ara ẹ̀ láàmú lórí WAEC, ọ̀tá ọmọ yẹn ni. Division I àti II, ọ́fíìsì kan wà tó ń jẹ́ NCAA Eligibility Center tó máa yẹ ìwé ọmọ wò láti sẹ́kọ́ńdìrì: kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 ni wọ́n ń kà, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìpíndọ́gba máàkì ẹ̀ nínú 4.0 sì gbọ́dọ̀ tó 2.3 fún Division I, 2.2 fún Division II. Láti 2023 NCAA ò béèrè SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì Amẹ́ríkà, mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúkúù fúnra ẹ̀ lè béèrè ẹ̀, ìyẹn ni pé orí èsì ìdánwò tiwa níbí ni gbogbo ẹrù já lé. Kóòṣì lè fẹ́ràn ọmọ bí ojú ẹ̀, tí ọ́fíìsì yẹn bá ní kò yẹ, kóòṣì á lọ wá ẹlòmíì kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà kí bọ̀dá lọ tún ìdánwò ṣe, GCE tàbí NECO, èyí tó bá yá. Kó má sì jẹ́ kó pẹ́, torí téèyàn bá ti parí SS3, ọdún kan péré ni wọ́n máa ń fún agbábọ́ọ̀lù kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gidi tó ń gbá nílé tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú ọdún tó lè gbá lọ́hùn-ún. Wọ́n ń tún òfin yìí ṣe lemọ́lemọ́, kí ẹ wò ó fúnra yín lójú-ìwé Eligibility Center, ẹ má gbà á lẹ́nu mi nìkan. Tí máàkì ò bá sì tó, àwọn ẹgbẹ́ míì wà tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù, NAIA tó jẹ́ ti àwọn ṣúkúù kéékèèké, àti NJCAA tó jẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, ìlú kékeré kan ní Kansas tó jẹ́ oko àlìkámà ló yí wa ká, kò sí ẹni tó mọ ibẹ̀, mo sì jáde níbẹ̀ lọ sí yunifásítì.

Ẹ má gé ọjọ́ orí ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ ọ́ ní pápá bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Páṣípọ́ọ̀tù, WAEC àti ìwé ìbí ni wọ́n máa tò síra wọn.

Físà tí ẹ bi mí: láti January 1, 2026 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti dá fífún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró, àfi àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀, bó sì ṣe wà nìyẹn nígbà tí mò ń kọ èyí. Ó lè yí padà nígbàkígbà, ẹ máa wo wẹ́ẹ̀bù ẹ́ḿbásì. Èmi kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ mo mọ èyí: ẹni tó bá ní òun máa gba 1.8 mílíọ̀nù kóun fi rí físà yẹn gbà lásìkò yìí, ẹ bi í pé báwo. Tó bá sì jẹ́ irú lẹ́tà yẹn ni ọmọ gbé síwájú wọn, wọ́n lè sọ pé ó fi irọ́ wá físà, ìyẹn sì lè ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ ọn títí ayé.

Ní báyìí ná, kí ẹ ní kí ẹnì kan fi fóònù ya eré ẹ̀ láti ibi gíga, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́ ìlà. Kó gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó fi àmì tọ́ka sí ara ẹ̀ kí kóòṣì tó máa béèrè pé èwo ni, kó sì fi eré kan tó pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tì í. Kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ímeèlì sí kóòṣì 30 tàbí 40, ọdún tí wọ́n bí i, gíga ẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń lò, èsì WAEC bó ṣe rí gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní dáhùn. Kó tún kọ.

Àbúrò ẹ̀ tí ẹ ní ti tiẹ̀ kọ́ lẹ ń bi mí yẹn wá ńkọ́? Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1972 tí wọ́n ń pè ní Title IX tí kò jẹ́ kí ṣúkúù fi ọwọ́ rọ́ obìnrin sẹ́yìn nínú eré ìdárayá. Títí di 2025 yẹn, sikọ́láṣíìpù 18 ni ẹgbẹ́ eré sísá obìnrin ní Division I lè ní, ti ọkùnrin ò ju 12.6 lọ. Eré sísá sì rọrùn fún kóòṣì láti wò ju bọ́ọ̀lù lọ, torí kò nílò fídíò ẹnikẹ́ni kó tó gbà pé ọmọ kan yára, aago ló ń wò. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, kò jìnnà sí yín. Yunifásítì kan ní El Paso ní Texas ló ti sáré, ó gba ipò kìíní NCAA nínú eré 100 mítà onídènà ní 2017, nígbà tó fi máa di 2022 ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene, ẹnikẹ́ni ò sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ọmọ yín wà ní SS kelòó? Mítà mélòó ló ń sá, iye wo ló sá kẹ́yìn, aago ọwọ́ tíṣà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n àbí ẹ̀rọ? Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Ti wíwò yẹn, mi ò ní gbowó.