Ògiri ilé bàbá mi ń fa omi: ṣé kí n lẹ táìsì mọ́ ọn?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n bírìkìlà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé búlọ́ọ̀kù tí bàbá mi kọ́ sí Òṣogbo lọ́dún 1979 ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé. Ọdún kẹta rèé tí ìsàlẹ̀ ògiri pálọ̀ àti ti yàrá tó kọjú sí títì ti ń rin. Ọ̀dà ń wú, ó ń bó, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń hó jáde lára rẹ̀. Ó ti ga dé orúnkún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún un kùn.

Mo fọ̀rọ̀ lọ àwọn onílé bíi tèmi ládùúgbò, àwọn tó máa ń fọwọ́ ara wọn tún ilé wọn ṣe. Ẹnì kan ní kí n lẹ táìsì mọ́ ọn dé ìbàdí. Ẹnì kejì ní ọ̀dà tó ń dán, tí omi kì í wọ̀, ni kí n fi kùn ún. Ẹnì kẹta ní kí n ha á, kí àwọn tó ń ṣe POP fi sikirídì, ìyẹn POP pípò tí wọ́n fi ń mú ojú ògiri jọ̀lọ̀, bò ó. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì wá ní kí n lọ hú òkúta íńtálọ́ọ̀kì tí mo tẹ́ síwájú ilé nígbà tí a ń ṣe ìrántí bàbá wa, ọdún kẹrin rèé. Owó kékeré kọ́ ni mo ná sórí íńtálọ́ọ̀kì yẹn! Èwo ni kí n gbà nínú gbogbo rẹ̀? Mo tún fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin mi bá mi wó síìlì pálọ̀, èyí tí wọ́n kàn nígbà tí wọ́n kọ́ ilé, kí n lè ṣe ti ìgbàlódé. — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ kú ìtọ́jú ilé bàbá yín pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí tí àwọn ọmọ pa tì títí ó fi di àlàpà.

Ọ̀rọ̀ bàbá tó ti fẹ̀yìn tì yẹn ni kí ẹ gbà. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín, torí owó ti bá íńtálọ́ọ̀kì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti dáhùn ìbéèrè yín. Ọdún kẹrin rèé tí ẹ tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì, ọdún kẹta rèé tí ògiri ti ń rin. Láti 1979 títí di ìgbà yẹn, òjò ń rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ń dé, ògiri náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí inú bá ń run ènìyàn lẹ́yìn oúnjẹ kan, oúnjẹ yẹn la kọ́kọ́ ń fura sí.

Ẹ wo òwú àtùpà. Ìsàlẹ̀ ni kẹrosíìnì wà, òkè ni iná ti ń jó, kò sì sí ẹni tó ń pọn ọ́n gòkè; òwú ló ń fà á díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni búlọ́ọ̀kù rí. Iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì ni, ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí sì kún inú rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wà nínú ilẹ̀ tútù, yóò máa fa omi. Omi tó ń gòkè yìí ń kó iyọ̀ inú ilẹ̀ àti ti inú sìmẹ́ǹtì dání. Nígbà tó bá dé ojú ògiri, afẹ́fẹ́ á gbẹ omi, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Iyọ̀ yẹn ni nǹkan funfun tí ẹ rí. Bó ṣe ń di hóró lẹ́yìn ọ̀dà ló ń ti ọ̀dà síta, tí ọ̀dà fi ń wú. Ẹ lè kùn ún lẹ́ẹ̀mẹwàá. Níwọ̀n ìgbà tí omi ṣì ń gòkè, iyọ̀ á máa bá a jáde ni.

Àwọn tó kọ́lé fún bàbá yín mọ èyí. Tí a bá kọ́ búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ tán, a máa ń da kọnkéré lé e lórí kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀. Àwa oníṣẹ́ ń pè é ní Jámánì fúlọ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní DPC. Ní òtítọ́, DPC ni orúkọ ohun tó ń dínà omi nínú ògiri, irú ọ̀rá tó nípọn tí a ń tẹ́ sábẹ́ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. A ti sọ ọ́ di orúkọ kọnkéré, ọ̀pọ̀ wa sì ti gbàgbé ọ̀rá. N kò lè sọ fún yín láti ibí bóyá ọ̀rá wà nínú ti bàbá yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rá wà o, ọ̀rá kò sí o, kọnkéré tó ki dáadáa kì í fa omi tó búlọ́ọ̀kù, èyí ló sì gba ilé náà là fún ogójì ọdún. Ilẹ̀ ìta gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ kọnkéré yìí ni. Ó kéré tán, kí ó fi íǹṣì mẹ́fà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 15, rẹlẹ̀ sí i. Àwọn tó tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì ti da yẹ̀pẹ̀ pupa kún iwájú ilé, wọ́n da iyanrìn lé yẹ̀pẹ̀, wọ́n wá to òkúta lé iyanrìn. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti ga ju kọnkéré lọ, ara ògiri gan-an ni ilẹ̀ tútù fara tì. Omi fo ohun tó yẹ kó dá a dúró, ó sì wọlé.

Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ra họ́ọ̀sì funfun tí a ń rí inú rẹ̀, irú èyí tí àwa bírìkìlà fi ń mú ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ bu omi kún un títí yóò fi ku díẹ̀ kó kún, kí ẹ sì rí i pé afẹ́fẹ́ kankan kò sé sí àárín rẹ̀. Kí ọmọ kan di ẹnu kan mú nínú pálọ̀, kí èkejì gba ẹnu ọ̀nà gbé ẹnu kejì lọ síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń rin. Ibi tí omi bá dúró sí lọ́wọ́ méjèèjì, ọ̀gangan kan náà ni. Ẹ wọn láti ojú omi dé ilẹ̀ inú ilé, ẹ tún wọn láti ojú omi dé orí íńtálọ́ọ̀kì. Bí ti ìta kò bá fi íǹṣì mẹ́fà gùn ju ti inú lọ, ọwọ́ ti tẹ olè.

Ohun méjì ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó náwó. Àkọ́kọ́ ni páìpù, torí páìpù tó ń jò nínú ògiri máa ń díbọ́n bí omi ilẹ̀. Lálẹ́, tí gbogbo ilé bá ti fẹ́ sùn, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí ẹ fi èédú sàmì sí ara táǹkì níbi tí omi dé. Tí omi bá ti fà kúrò níbi àmì láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó, pílọ́mbà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Èkejì ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró wo ibi tí omi orí páànù ń dà sí. Tí ó bá ń já sórí òkúta líle lẹ́bàá ògiri, ṣe ni yóò máa ta padà sára ilé. Orí ilẹ̀ oníyẹ̀pẹ̀ ló ń já sí tẹ́lẹ̀, omi sì ń rì. Òkúta kò gba omi bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìmọ̀ràn àwọn mẹ́ta yòókù. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, opó kan ní Ìbàdàn gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi. Táìsì ni wọ́n fẹ́, táìsì náà ni mo lẹ̀, dé ìbàdí, ó sì dùn ún wò. Nínú òjò ọdún kejì ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ògiri ti rin kọjá orí táìsì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èjìká. Mo fi ìka kan táìsì, ó dún bí igbá òfìfo. Mo yọ ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ara ìkòkò omi. Omi tí mo dí mọ́ nísàlẹ̀ ti wá ọ̀nà gòkè. Mo dá nínú owó náà padà fún màmá yẹn, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí wọ́n ná, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ fi táìsì wo ògiri tó ń fa omi.

Ọ̀dà tó ń dán ń ṣe bákan náà: ó dí ojú ògiri pa, omi kò ráyè gbẹ. Ti POP tilẹ̀ burú jù. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe POP kì í bá omi ṣe ọ̀rẹ́. Tí ó bá ti tutù léraléra, ó ń rọ̀, ó ń rún bí ẹfun.

Kì í ṣe pé àwọn aládùúgbò yín ń tàn yín o. Èmi máa ń fetí sí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé rẹ̀ ṣe, torí inú rẹ̀ ló ń sùn. Oníṣẹ́ bíi tèmi gba owó, ó lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ní, "Báyìí ni mo ṣe tèmi," ẹ bi í pé òjò ọdún mélòó ló ti rọ̀ lé e lórí. Ohun tí a ṣe ní oṣù kejìlá, kò sí èyí tí kò dára ní oṣù kìíní. Ẹ tún bi í pé kí ni wọ́n fi kọ́ ilé tirẹ̀. Ilé alámọ̀ kò gba ìtọ́jú kan náà pẹ̀lú ilé búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ǹtì líle tí a fi rẹ́ ilé alámọ̀ máa ń sé omi mọ́ amọ̀ nínú, amọ̀ á sì máa yọ́ lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Bí wọn yóò ṣe ṣiṣẹ́ náà nìyí. Ẹ jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró ná, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Kò pọn dandan láti hú gbogbo íńtálọ́ọ̀kì. Èyí tó wà lẹ́bàá ògiri nìkan ni kí wọ́n hú, ní fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi rẹlẹ̀ sí kọnkéré bí mo ṣe wí, kí wọ́n da gírànáìtì sí i, kí wọ́n sì rí i pé omi inú kòtò náà ní ibi tó ń ṣàn lọ, jìnnà sí ilé. Kòtò tí kò níbi tí omi ń bá jáde, odò lẹ gbẹ́ sẹ́sẹ̀ ògiri yẹn. Ẹ fi gọ́tà sẹ́nu òrùlé tí agbára bá ká a.

Nínú ilé, kí wọ́n ṣá pilásítà kúrò dé ẹsẹ̀ bàtà kan lókè ibi tí ọ̀rinrin ga dé. Tí sókẹ́ẹ̀tì iná bá wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná láti orísun. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí wọ́n fi gbá iyọ̀ kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi fọ̀ ọ́, torí iyọ̀ á yọ́, á sì padà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò. Apá yìí ni sùúrù máa ń tán àwọn ènìyàn. Kí ọyẹ́ fẹ́ sí i, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, ó kéré tán títí di oṣù kejì. Ẹ lẹ ọ̀rá tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn mọ́ búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dí etí rẹ̀ yí ká fún ọjọ́ méjì. Tí ìrì bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá, níbi tó fara kan ògiri, kò tíì gbẹ.

Tó bá gbẹ, ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí iyanrìn mẹ́fà ni kí wọ́n fi rẹ́ ẹ, hẹ́dìpáànù kan náà, èyí tí a fi ń ru iyanrìn, ni kí wọ́n sì fi wọn méjèèjì. Sìmẹ́ǹtì tó bá ti ń le lórí ilẹ̀, kí wọ́n má bu omi tún un pò. Kí wọ́n dà á nù. Ẹ máa wọ́n omi sí pilásítà tuntun fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí ó tó oṣù kan kí ẹ tó kùn ún, ọ̀dà olómi lásán sì ni.

Ẹnì kan lè wá sọ pé kí ẹ lu ihò sídìí ògiri, kí ẹ gún un lóògùn tó ń lé omi. Oògùn náà wà lóòótọ́, wọ́n ń lò ó gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ búlọ́ọ̀kù tiwa ní ihò ńlá méjì nínú, oògùn á sì ṣàn dà sínú òfìfo tí ẹni tó ń gún un kò bá mọ ibi tó yẹ kó lu. Ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e kí ẹ tó sọ ilẹ̀ ìta kalẹ̀.

Ní ti síìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn fọwọ́ kàn án. Síìlì pẹlẹbẹ tó le, tí wọ́n kàn sílé ní 1979, asbestos ni kí ẹ kà á sí títí ẹni tó mọ̀ yóò fi sọ pé kì í ṣe òun. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, àìsàn tó ń fà sì lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú. Bí kò bá tíì fọ́, ẹ kùn ún ní ọ̀dà, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí yíyọ rẹ̀ bá di dandan, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọ ọ́: kó fi omi rin ín, kó tú ìṣó kí pátákó rẹ̀ jáde lódindi, láìsí ayùn, láìsí gbígbá eruku gbígbẹ, kí wọ́n sì fi ọ̀rá tó nípọn wé e. Kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ má sí nílé lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó pe bírìkìlà kankan, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sára ògiri lónìí, níbi tí ọ̀rinrin ga dé gan-an, kí ẹ kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya á ní fọ́tò. Ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi họ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, kí ẹ sọ iye íǹṣì tí ẹ rí fún mi.