Ẹ̀wù Pupa Kọ́!

Ìbéèrè: Àwọn àna mi ní Georgia ní kí n bá àwọn ṣọdẹ tòlótòló igbó lóṣù kẹrin. Ìyàwó mi ra ẹ̀wù pupa fún mi, kí ìbọn má baà ṣèèṣì bà mí. Ṣé ó dáa? — Bàbá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ tètè dá a padà! Orí akọ tòlótòló igbó máa ń ní pupa, funfun àti búlúù. Ọdẹ tó bá tajú kán rí pupa láàárín ewé lè rò pé ẹran dé. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ fẹ̀yìn ti igi ńlá. Bí ẹ bá gbọ́ igbe láàárọ̀, ẹ má yọ́ lọ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ àna yín ló ń sín ẹyẹ náà jẹ! Akọ nìkan ni òfin ibẹ̀ gbà kí ẹ pa nígbà ìrúwé. Ẹran itan rẹ̀ yi díẹ̀, àmọ́ ó dùn nínú ata díndín.