Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ààlà Ọ̀dà Lára Àwòṣe Bàálù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Mo to àwòṣe Spitfire, bàálù ajagun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníwọ̀n 1/72, mo fi airbrush (irinṣẹ́ kékeré tí ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà) fọ́n àwọ̀ ilẹ̀ sí i, mo wá fi téèpù onípépà bo ibi tí n kò fẹ́ kí àwọ̀ ewé dé. Nígbà tí mo ṣí téèpù, ààlà àwọ̀ méjèèjì mú, ó sì ga sókè. Ọ̀dà tún bó lójú apá òsì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ti ọ̀dà tó bó kò gùn: ó jọ pé òróró ṣì wà lára ike, tàbí pé ọ̀dà àkọ́kọ́ kò tíì gbẹ dénú. Ẹ fi ọṣẹ fọ ike kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún ọ̀dà ní ọjọ́ kan gbáko, méjì lásìkò òjò, kí ẹ sì kọ́kọ́ lẹ téèpù mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ yín kí agbára àtè rẹ̀ lè dín kù.

Ọ̀rọ̀ ààlà ni ó gba àlàyé. Téèpù tí ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ máa ń dá ọ̀dà dúró bí ògiri, ọ̀dà á sì gbá jọ sí ìdí rẹ̀. Blu-Tack, àtè rírọ̀ tí a fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, ni kí ẹ lò. Ẹ yí i lórí tábìlì títí yóò fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ekòló, bíi mìlímítà 2, ẹ tò ó sójú ààlà tí ẹ fi pẹ́ńsù fà, kí ẹ wá fi téèpù bo àárín rẹ̀. Nítorí pé ara rẹ̀ rí roboto, etí rẹ̀ kò kan ike tán, ọ̀dà díẹ̀ á sì wọ abẹ́ rẹ̀, ààlà á rọ̀. Bí ó bá ṣe nípọn tó ni ààlà yóò ṣe fẹ̀ tó; ẹ sì rántí pé mìlímítà 1 lára àwòṣe yín jẹ́ sẹ̀ntímítà 7.2 lára bàálù gidi.

Ọwọ́ ni ó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ jẹ́ kí airbrush dojú kọ ike ní tààrà, nítorí bí ó bá dà sí ẹ̀gbẹ́, ààlà apá kan yóò fọ́n kálẹ̀, ti òdìkejì yóò sì mú. Ẹ fọ́n ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ bíi 15 psi, ìyẹn nǹkan bí ìdajì èyí tí fọkanáísà ń fún táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ààlà tó ti ga, ẹ fi sáńpépà 2000 tí ẹ rẹ sómi ra á jẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n Spitfire ọdún wo ni? Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1941 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi àwọ̀ eérú rọ́pò àwọ̀ ilẹ̀ lára àwọn bàálù ajagun tí ń jà lójú ọ̀sán ní Yúróòpù. Bí tiyín bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà náà, ẹ má tíì ra ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ mìíràn láti fi tún apá òsì yẹn ṣe.