Stick tó ń kú tó tún ń jí fúnra ẹ̀: má tíì jù ú nù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o bọ̀dá. Under G níbí ni mo ti ń gẹrun, nítòsí LAUTECH. Mo ra Fire TV Stick tòkunbọ̀ kan (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì sẹ́yìn tíví láti fi wo nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) káwọn kọ́sítọ́mà lè máa rí bọ́ọ̀lù wò bí wọ́n ṣe ń dúró de ara wọn, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra ẹ̀ tó tún ń tan fúnra ẹ̀. Ojú tíví máa kàn ṣú ni, orúkọ Fire TV á jáde, gbogbo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Tí mi ò bá fi ṣe nǹkan kan ó lè wà bẹ́ẹ̀ kó má kú, bọ́ọ̀lù ló bá bẹ̀rẹ̀ báyìí wàhálà dé. Ọ̀sán ló burú jù, àti ìgbà tí mo bá tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yìn tíví náà ni mo ti fún un níná, kò bá adáptọ̀ wá. Ẹnì kan ní Tákíè wò ó, ó ní bọ́ọ̀dù ẹ̀ ti jó, kí n lọ ra òmíì. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́, o sì kú ariwo àwọn kọ́sítọ́mà, torí mo mọ bí àwọn ọmọ Under G ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹnáritì tí tíví wá ṣú lójijì. Má jù ú nù o. Ìwọ fúnra ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí tán, níbi tó o ti sọ pé tó ò bá fi ṣe nǹkan kan kì í kú, àfi tí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó ti jó wo ni yóò máa dúró de bọ́ọ̀lù kó tó kú? Ebi iná ló ń pa stick yẹn.

Ká kọ́kọ́ la nǹkan kan kedere ná, torí ohun méjì làwọn èèyàn máa ń pè ní "ó ń kú". Ọ̀kan ni pé áàpù tó ò ń wò kàn pa dé, ó dá ẹ padà síbi tí gbogbo áàpù wà, orúkọ Fire TV ò jáde rárá. Ìyẹn ò kan iná, áàpù yẹn ló ní wàhálà tàbí àyè inú stick ló ti kún. Èkejì ni tìẹ yìí, ojú á ṣú, orúkọ á jáde, ìyẹn ni pé stick yẹn kú pátápátá kó tó tún jí. Ìgbà tó o bá ti rí orúkọ yẹn, iná ni kó o kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe bọ́ọ̀dù, kì í ṣe dátà. Tó bá jẹ́ pé dátà ni ò lọ dáadáa, nǹkan róbótó kan lo máa rí lójú tíví tó ń yí tó ń yí, dátà ò lágbára láti pa stick.

Ẹ̀yìn tíví tó o ti ń fún un níná ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ihò USB ẹ̀yìn tíví, flash ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi ṣe é, káwọn èèyàn lè ki fíìmù àti fọ́tò sí i, wọn ò sọ pé kó máa gbé ẹ̀rọ míì. USB 2.0, 0.5A (A ni ampere, ìwọ̀n iná tó lè fún ẹ̀rọ) ni wọ́n là sílẹ̀ fún un, tíví míì tiẹ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, 5V 0.5A, lọ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. Adáptọ̀ tí Amazon máa ń kó sínú páálí stick yìí, 5V 1A ló wà lára ẹ̀, ìlọ́po méjì nìyẹn. Tí stick bá kàn jókòó jẹ́ẹ́, iná tó ń jẹ ò pọ̀, èyí tí tíví ń fún un tó o, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kú. Bọ́ọ̀lù bá wá bẹ̀rẹ̀, Wi-Fi ń fa dátà wọlé láìdúró, ẹ̀rọ inú ẹ̀ ń tú àwòrán, ó fẹ́ iná sí i, tíví ò sì ní i, ni fólítéèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kúrò lórí 5V yẹn, tó bá ti wálẹ̀ kọjá ohun tí ẹ̀rọ náà lè fara dà, ó kú nìyẹn, bó ṣe kú báyìí kò fa iná mọ́, fólítéèjì á tún gòkè padà, stick á tún jí, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, á tún kú. Bó ṣe ń yí po nìyẹn. Ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ wà tó o bá rí i pé gbogbo ìgbà tó o bá pa tíví tó o tún tan án ni stick ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀, ọ̀pọ̀ tíví ló máa ń gé iná USB tí wọ́n bá ti pa á. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán o, ohun kan wà tó o lè fi dán an wò lónìí láìná kọ́bọ̀. Wá power bank kan, tìẹ tàbí ti kọ́sítọ́mà tó o fọkàn tán, jẹ́ kó kún dáadáa. Wo ihò tí wọ́n kọ 2A tàbí 2.1A sí, ibẹ̀ ni kó o ki wáyà stick sí, kó o yọ ọ́ kúrò ní USB tíví pátápátá, HDMI nìkan, ẹnu tí àwòrán ń gbà lọ sínú tíví, ni kó kan tíví. Wá wo odindi bọ́ọ̀lù kan báyẹn, ìlàjì àkọ́kọ́ àti ìlàjì kejì. Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn power bank fún ìdánwò yìí ni pé kò mọ̀ bóyá NEPA mú iná wá tàbí wọn ò mú un wá, kò mọ̀ bóyá jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, 5V tiẹ̀ dúró sójú kan. Tí stick ò bá kú títí rẹfirí fi fọn fèrè, ó parí, kò sóhun tó ṣe stick ẹ, iná tó ń jẹ ni kò tó. Tó bá tún kú lórí power bank, má tíì pariwo, pààrọ̀ wáyà kó o tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wáyà yẹn, àwọn èèyàn máa ń fojú di í gan. Àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lórí báró yẹn, bàbà inú wọn tín-ín-rín, tó bá tún wá lọ gùn, iná tó kúrò lẹ́nu ṣájà ní 5V ò ní pé 5V mọ́ tó bá máa débi stick. Èyí tó kúrú tó sì ki díẹ̀ ni kó o lò. Tìẹ tó tún jẹ́ tòkunbọ̀, ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀ lára stick lè ti gbòòrò, torí a ò mọ iye èèyàn tó ti ń kì í tó ń yọ ọ́ kó tó dé ọwọ́ ẹ. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, di wáyà mú lẹ́nu ibẹ̀, rọra mì ín sọ́tùn-ún sósì, tó bá kú bó o ṣe mì ín yẹn, o ti mú olè nìyẹn. Fọ́n atẹ́gùn sínú ihò náà pẹ̀lú, ṣọ́ọ̀bù báábà ni, irun kéékèèké á ti wà níbẹ̀.

Tó o bá fẹ́ ra adáptọ̀, ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé ṣájà 2A tàbí 3A á jó stick tó ní 1A lòun fẹ́. Rárá o. Fólítì ló gbọ́dọ̀ bára mu, 5V sí 5V, ti ampere, ìwọ̀n tí stick bá fẹ́ ló máa fà, èyí tó kù á jókòó síbẹ̀. Kódà ṣájà àwọn fóònù tó ń yára gba iná, tó bá ti jẹ́ ojúlówó, orí 5V náà ló máa dúró sí àfi tí ẹ̀rọ tí wọ́n kì sí i bá sọ fún un pé òun lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Feke ni kó o sá fún, èyí tó fúyẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n wá kọ 3A gàdàgbà sí lára. Ṣájà tó bá fóònù ẹ wá nínú páálí dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n máa tà fún ẹ lọ.

Ti jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? Adáptọ̀ tó dáa máa ń kọ 100–240V sára, torí náà iná NEPA tó lọ sílẹ̀ díẹ̀ tí gọ́lóòbù ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú ò yẹ kó dà á láàmú. Ohun tó ń dà á láàmú ni iná tó ń ṣẹ́jú. Jẹnẹrétọ̀ I-pass kékeré yẹn, tí kílípà méjì bá wà lórí ẹ̀, fánù, tíví, ẹnì kan wá ní òun fẹ́ fi kẹ́tù se omi, ìwọ náà máa gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe máa yí padà, fólítéèjì ti ṣubú nìyẹn, tíví lè fara dà á torí pé ẹ̀rọ iná inú tiẹ̀ tóbi, àmọ́ ṣájà kékeré lè já. Tó bá jẹ́ pé inú tíví yẹn náà ni stick ti ń jẹun, wàhálà di méjì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ki kẹ́tù sí I-pass rárá, yálà stick wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Kó o sì wo extension ẹ o. Èyí tí mo máa ń bá ní ṣọ́ọ̀bù báábà, inú ihò ẹ̀ á ti kún fún irun, irin ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì á ti dúdú, tó o bá kì í á máa dún ṣìṣìṣì. Iná ń já níbẹ̀ ní ìgbà tó ò mọye. Tó o bá gbóòórùn pé nǹkan ń jó tàbí tó o rí i pé ike ẹ̀ ti ń yọ́, má tún un ṣe, jù ú nù, nítorí ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ stick, ó lè jó ṣọ́ọ̀bù.

Ti ọ̀sán tó o sọ, ooru wà níbẹ̀. Abẹ́ páànù lo wà, stick sì há sáàárín tíví àti ògiri níbi tí afẹ́fẹ́ kankan ò dé. Ẹ̀rọ tó bá gbóná kọjá ààlà máa ń pa ara ẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú: tó bá kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́, kò burú, tó bá gbóná débi pé ọwọ́ ẹ ò gbà á, ooru wà lára ohun tó ń pa á. Nínú páálí tuntun, wáyà HDMI kúkúrú kan máa ń wà tí wọ́n fi ń fa stick jáde kúrò lẹ́yìn tíví, àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ kì í sábà kó o kún un. Wá ọ̀kan rà, jẹ́ kí stick rọ̀ sísàlẹ̀ tíví níbi tí fánù ti lè fẹ́ sí i. Ẹnì kan ti bi mí rí bóyá kó gbé e sínú fíríìjì kó tutù. Jọ̀ọ́ o, omi á gbá jọ sínú ẹ̀, ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀dù máa wá jó lóòótọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí tó jẹ́ pé Roku tàbí Chromecast lẹ ní, ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Roku tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ lójú tíví fúnra ẹ̀ pé iná ò tó òun. Chromecast tó ní Google TV nínú, adáptọ̀ 7.5W ló bá a wá, 5V 1.5A, ebi ń pa tiẹ̀ ju ti Fire TV lọ.

Àbúrò, tó o bá ti ṣe gbogbo ti iná yìí tán tó ṣì ń kú, ìgbà yẹn ló tó kan inú stick. Lọ sí Settings, My Fire TV, About, Storage, wo iye àyè tó kù. 8GB lọ̀pọ̀ nínú wọn ní, ètò ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ti gba apá kan, torí náà kì í pẹ́ kún. Yọ àwọn áàpù tó ò lò kúrò, pàápàá àwọn áàpù bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ti ìta kì wọlé, mi ò fẹ́ràn wọn, ìdajì wàhálà tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi lọ́dọ̀ wọn ló ti ń wá. Lẹ́yìn náà kó o tẹ bọ́tìnì àárín rìmóòtù pọ̀ mọ́ ti Play, dì wọ́n mú bí ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á pa ara ẹ̀ á sì tan. Nínú About yẹn náà lo ti máa rí ápdéètì. Àmọ́ má ṣe ápdéètì lórí iná tí kò dá ẹ lójú o, tí iná bá lọ láàárín ẹ̀, stick lè dúró sójú orúkọ yẹn títí láé. Orí power bank ni kó o ti ṣe é.

Rìsẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn. Bọ́tìnì Back àti apá ọ̀tún róbótó àárín rìmóòtù, dì wọ́n mú pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, á bi ẹ́ bóyá ó dá ẹ lójú. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ máa pa rẹ́, wàá sì nílò àkáǹtì Amazon tìẹ àti dátà láti bẹ̀rẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣàǹfààní kankan tó bá jẹ́ pé iná ni.

Tó bá wá jẹ́ pé lórí power bank tó kún, pẹ̀lú wáyà tó dáa, stick tutù, kò sì kọjá orúkọ Fire TV rárá, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ó lè jẹ́ ápdéètì ló ń parí. Tí kò bá kúrò níbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, orí bọ́ọ̀dù kékeré kan náà ni gbogbo nǹkan ẹ̀ wà, owó tí wọ́n máa gbà láti tún un ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra òmíì. Ẹni Tákíè yẹn, tó bá tún sọ fún ẹ pé bọ́ọ̀dù ni, gbé power bank àti wáyà lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ní kó tan án lójú ẹ kó tó gba owó kankan.