Má ra ọ̀dà, irin ni kí o rà: ọ̀rọ̀ mi fún àbúrò tó fẹ́ ra Chevelle 1970

Àbúrò mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní o rí Chevelle 1970 kan, ọkọ̀ Chevrolet, ní Pennsylvania, pupa fòò, ilà dúdú méjì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, SS 396 (Super Sport, èyí tó lágbára, tó ní ẹ́ńjìnnì 396) lára rẹ̀ níwájú lẹ́yìn, ẹni tó ni ín sì ń pè é ní 38,000 dọ́là. Ìyàwó rẹ ní kí o fi owó náà san lára gbèsè ilé, àmọ́ ọkàn rẹ ti wọ inú ọkọ̀ lọ jókòó. Ohun tí o wá ń béèrè ni ẹ́ńjìnnì tí o máa kọ́kọ́ gbé sí i: ṣé 454 ayé àtijọ́ ni (nọ́ńbà yìí ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó ní cubic inch), àbí LS, ẹ́ńjìnnì Chevrolet òde òní.

Mi ò ní dá ọ lóhùn lórí ẹ́ńjìnnì báyìí. Ìbéèrè yẹn gan-an ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo sì fi san gbèsè rẹ̀.

Nígbà yẹn, mo ti lo ọdún mẹ́fà ní Baltimore. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe níbi ìgbọ́kọ̀sí, mo sì ti rọra kó 4,200 dọ́là jọ. Nǹkan yìí ti wà lára mi láti kékeré. Kabúrétọ̀ Ìjàpá bàbá mi, Volkswagen tó máa ń dún gbàràgbàrà yẹn, ni mo kọ́kọ́ tú nílé wa n'Íbàdàn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa tò ó padà, ẹgba ọjọ́ náà ò sì tíì kúrò lára mi dòní. Ẹni tó bá ti fi etí gbọ́ Ìjàpá dàgbà, tó wá gbọ́ V8 Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì oní sílíńdà mẹ́jọ, tó ń kùn bíi kìnnìún tó jẹun yó, o mọ̀ pé onítọ̀hún ti lọ nìyẹn.

Malibu 1970 ni mo rà, irú Chevelle kan ni, pupa ni òun náà. Wọ́n kọ SS sí i lára, ọ̀dà rẹ̀ ń dán débi pé o lè fi fá irùngbọ̀n. Ẹni tó tà á ní ẹnu dídùn, ó tún fi táyà kan lé e fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣe panẹ́bítà l'Ábẹ́òkúta kó tó dé ibí wá kí mi. Kò tíì jókòó tó fi fi ìka kan ara ọkọ̀ náà lókè táyà ẹ̀yìn, kó kó. Ó tún kàn án lẹ́nu ilẹ̀kùn, kán kán. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò dún bí irin o." A fi ayùn họ ọ́ díẹ̀, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún ni, ó nípọn tó ìka. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù kúrò, a rí i pé irin tí wọ́n fi dí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe irin ọkọ̀. Pátákó ojú títì ni wọ́n gé, "STOP" ṣì hàn lára rẹ̀, funfun lórí pupa. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan nínú ọkọ̀ náà ló mọ ohun tí ìdúró jẹ́. Màá dé orí ìyẹn.

Ọkọ̀ tó bá ti rìn lójú yìnyín fún ogún ọdún ní Maryland tàbí Pennsylvania, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ti jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Ti Chevelle, wo ilẹ̀ búùtù, wo ìdí gíláàsì ẹ̀yìn níbi tí omi máa ń gbà wọlé, wo ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, kí o sì dùbúlẹ̀ wo ṣẹ́ẹ̀sì láti táyà ẹ̀yìn dé bọ́ńpà. Bí wọ́n bá fi awọ bo òrùlé rẹ̀, fura gidigidi, omi máa ń sá pamọ́ sábẹ́ awọ yẹn ni. Mú òòfà kékeré dání, kí o fi aṣọ rírọ̀ wé e kó má baà ha ọ̀dà olówó. Ibi tí òòfà bá kọ̀ láti mú, pọ́tì ló wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì, o lè yọ ọ́ láàárọ̀ kí o gbé òmíràn sí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Irin tó ti dípẹtà, ọdún mélòó ni o fẹ́ fi gé e, kí o jó o, kí o tún gé e?

Ó kan ọ̀rọ̀ SS. Ibí ni wọ́n ti ń lu àwọn èèyàn wa ní jìbìtì, ìtàn bí àwọn ọkọ̀ yìí ṣe wáyé ló sì fà á. Ní 1964, General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ni Chevrolet àti Pontiac, ní òfin pé ọkọ̀ tí kò tóbi jù kò gbọdọ̀ gba ẹ́ńjìnnì tó ju 330 cubic inch lọ. Àwọn ará Pontiac, John DeLorean tó jẹ́ ẹnjiníà wà lára wọn, dọ́gbọ́n sí i. Wọn ò pe GTO ní ọkọ̀ tuntun. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì 389 sínú Tempest, ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àfikún lásán ni, oníbàárà ló ní òun fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ náà tà wàrà-wàrà, àwọn ọ̀gá sì dẹ òfin náà. Àfikún ni nǹkan yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì lè fi kún ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́, ẹni tó ní sípánà lè fi kún un lẹ́yìn ilé rẹ̀. Láti 1966 sí 1968, nọ́ńbà ìdánimọ̀ (VIN) Chevelle tó bá jẹ́ SS 396 tòótọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 138. Láti 1969, wọ́n sọ SS di àfikún, nọ́ńbà ò sì lè jẹ́rìí sí i mọ́. 13637 ni nọ́ńbà Malibu 1970 oníléèkùn méjì tó ní V8 fi ń bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ SS, ì báà má jẹ́. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà ọdún á sọ ibi tí wọ́n ti kan án. B ni tèmi, ìyẹn Baltimore níbí, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Broening Highway. Mo kà á sí àmì rere nígbà náà pé ọkọ̀ mi àti èmi jọ ń gbé ìlú kan. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ yẹn pa ní 2005, Amazon ló ń kó ẹrù síbẹ̀ báyìí.

Bí nọ́ńbà ò bá lè sọ ọ́, jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́. SS 396 ti 1970 ní búréèkì dísíìkì níwájú láti ilé-iṣẹ́. Nọ́ọ̀tì méjìlá ló máa wà lára ìdérí dífù ẹ̀yìn, kì í ṣe mẹ́wàá. Páìpù epo rẹ̀ á nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ìnṣì, nítorí ẹ́ńjìnnì ńlá ń mu epo bí ẹni mu omi. Wo ojú irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún, wọ́n lu apá kan nínú nọ́ńbà ọkọ̀ síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú mu. Tí Ọlọ́run bá sì fẹ́ràn rẹ, wàá rí ìwé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tẹ gbogbo àfikún ọkọ̀ náà sí, orí táńkì epo ló sábà máa ń wà, bí eku ò bá tíì jẹ ẹ́. Àti ìwé yẹn pàápàá, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ò lè lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, nítorí náà má fi ẹyọ kan ṣe ẹ̀rí. Àní 396 tí wọ́n kọ sára ti 1970 gan-an, 402 ni ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀. Chevrolet kàn fẹ́ràn orúkọ àtijọ́ ni.

Tèmi ńkọ́? Nọ́ọ̀tì mẹ́wàá, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, V8 kékeré 307, búréèkì dírọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ẹ̀rí wà lójú mi kedere, ọ̀dà ni mo ń wò.

Ìtìjú ni mo fi ṣe ohun tó burú jùyẹn lọ. Nítorí pé wọ́n tà mí ní ayédèrú, mo ní màá sọ ọ́ di òótọ́. Mo wá 454 níbi tí wọ́n ń kó òkú ọkọ̀ sí, inú ọkọ̀ akẹ́rù la ti yọ ọ́. A tún un ṣe, a gbé e sínú Malibu náà ní 1991. Ọkọ̀ tó lé ní 3,500 pọ́n-ùn, agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, búréèkì rẹ̀ ṣì jẹ́ dírọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún 307. Ní ọjọ́ Sunday kan, mo ń bọ̀ láti apá ìwọ̀-oòrùn lórí I-70, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí Frederick. Mo tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀kan, ó mú. Lẹ́ẹ̀kejì, ó mú díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, òórùn bí ìgbà tí ènìyàn ń jó ìwo màlúù ni mo gbọ́. Tírélà wà níwájú mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lórí búréèkì, ọkọ̀ náà ò sì dá mi lóhùn. Mo já a sí gíà kékeré, mo ya sí etí títì, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dúró, mi ò lè jáde fún bí ìdajì wákàtí. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sọ nǹkan kan títí a fi délé, o sì mọ̀ pé ìyẹn le ju èébú lọ.

Nítorí náà, bí o bá ra ọkọ̀ yìí, tàbí òmíràn, búréèkì ni kí o kọ́kọ́ ná owó lé. Dísíìkì níwájú, họ́ọ̀sì tuntun lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, màsítà tó bá a mu. Tẹ̀ lé e pẹ̀lú họ́ọ̀sì epo: ọtí ni wọ́n ń pò mọ́ epo bẹntiróòlù Amẹ́ríkà báyìí, ó sì máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Mo mọ ẹnì kan tí ọkọ̀ rẹ̀ jóná lójú ọ̀nà nítorí họ́ọ̀sì tí kò ju dọ́là díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni rádíétọ̀, ìdarí àti bọ́ṣì. Ẹ́ńjìnnì ló máa kẹ́yìn.

Ó dáa, ká wá sọ ti ẹ́ńjìnnì tí o ń béèrè. Bí ẹ̀rí bá fi hàn pé SS tòótọ́ ni, má fi ayùn kàn án. Tún ohun tó bá a wá ṣe, kí o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Malibu tí wọ́n wọ aṣọ SS fún, mi ò ní kí o má rà á o. Àmọ́ owó Malibu ni kí o san, 38,000 kì í ṣe owó rẹ̀, lẹ́yìn náà o lè ṣe é bó ṣe wù ọ́. LS ni màá gbé sí i bí mo bá jẹ́ ọmọ ọdún rẹ, pẹ̀lú gíà tó ní overdrive, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra yí lójú ọ̀nà gígùn. Á tan ní òwúrọ̀ òtútù, á sì mu epo bí ọmọlúwàbí. Má tẹ̀ lé àwọn tó ń fi nọ́ńbà agbára ẹṣin dẹ́rù bani. Agbára ẹṣin 450 ni wọ́n kọ fún LS6 ti 1970 (454 ni, kì í ṣe LS òde òní), lóòótọ́ ni, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nígbà yẹn yàtọ̀. LS5, 454 mìíràn, tí wọ́n kọ 365 fún ní 1971 di 270 ní 1972, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ́ńjìnnì kan náà. Ìwọ̀n tuntun ni wọ́n gbé dé, wọ́n ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú fáànù, sáláńsà àti gbogbo ẹrù tó ń gbé nínú ọkọ̀.

Bí o bá ta kú pé 454 ni o fẹ́, gbọ́ èyí tí mo fi owó kọ́. Ní 2007, mo fi camshaft tuntun, irin tó ń ṣí fáfù ẹ́ńjìnnì, sí tèmi, nítorí mo fẹ́ kó máa mì gìdì-gìdì nídùúró bíi ti àwọn ọmọ ìta. Òróró ẹ́ńjìnnì tó wà lórí igbá ní ṣọ́ọ̀bù ni mo rọ sí i. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti dín zinc tó wà nínú òróró òde òní kù nítorí ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín, tápẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ ayé àtijọ́, tó ń fara kan camshaft, ò sì lè wà láìsí i. Mo tún fi í sílẹ̀ kó máa rọra dún jẹ́jẹ́, èmi ń gbádùn orin. Ẹ̀yìn títan ẹ́ńjìnnì ìgbà àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ sáré dé 2,000 rpm sókè fún ogún ìṣẹ́jú, kí òróró lè dé orí camshaft dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, òróró rẹ̀ sì ń dán yinrin-yinrin bí ẹni fi fàdákà lọ̀. Camshaft ti lọ, ìdọ̀tí irin ti wọ gbogbo béárìnì. Mo tú u palẹ̀ pátá. Wá òróró tó ní zinc, tàbí kí o lo tápẹ́ẹ̀tì oníróólà, kí o sì má dá mi lóhùn pé ọ̀rẹ́ rẹ kan ní kò sí nǹkan tó máa ṣe é.

Mo yọ SS kúrò lára Malibu mi ní 2000, ọdún tí mo parí irin rẹ̀. Mo dí ihò tí wọ́n lù síbẹ̀, mo fi ọ̀dà bò ó. Àwọn ènìyàn ṣì máa ń bi mí níbi ìpéjọ ọkọ̀ pé kí ló dé tí mi ò fi SS sí i, pé á gbé owó rẹ̀ sókè.

Mi ò ní iṣẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Má tíì fún ẹni náà ní kọ́bọ̀, kódà bó bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á lọ́la, wọ́n máa ń ní bẹ́ẹ̀. Ní kó ya fọ́tò ilẹ̀ búùtù, ìdérí dífù, àti nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì fún ọ. Bó bá kọ̀, o ti gbọ́ èsì. Bó bá ṣe é, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, màá wá pẹ̀lú òòfà àti tọ́ọ̀ṣì. Ìwọ mú aṣọ tí o lè fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ wá, kí o sì mú ìyàwó rẹ dání, ojú rẹ̀ á ríran ju tìrẹ lọ níbẹ̀.